Kí Ẹ Tó Fi Kún Sípíríǹgì, Ẹ Wo Ṣáásì

Ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ síńtáàsì lẹ ń retí lẹ́nu mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mọ́tò ló wà ńlẹ̀ lónìí.

Hilux ni bàbá mi fi ń kó kòkó jáde láti oko wa ní Ìdànrè. Kòtò àti àpáta ló pọ̀ jù lójú ọ̀nà náà. Nígbà tí ìdí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, mẹkáníìkì wọn fi irin méjì-méjì kún sípíríǹgì ẹ̀yìn lọ́tùn-ún lósì, ó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì, ìdí mọ́tò bá gbéra. Inú gbogbo wa dùn, èmi gan-an pàtẹ́wọ́. Àpò kòkó 12 di 18. Àpò kan sì lé ní kìlógíráàmù 60, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lè gbé, tòun tèrò inú rẹ̀.

Kò pẹ́ tí àlàfo tó wà láàárín iwájú mọ́tò àti bọ́dì ẹ̀yìn fi fẹ̀ lókè, tó há nísàlẹ̀. Ṣáásì ti tẹ̀. Owó ilé tí mò ń gbé ní sáà yìí ló bá àtúnṣe lọ.

Lójú tèmi, àwa la jẹ̀bi. Sípíríǹgì tó le kò sọ ẹrù di fúyẹ́. Èyí tó rọ̀ díẹ̀ máa ń gba ipá kòtò mọ́ra. Tó bá le jù, ṣáásì ni yóò gbà á. Báàgì atẹ́gùn tí àwọn mìíràn ń fi sábẹ́ ṣáásì tún léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ: ojú kan ṣoṣo ló ti ń ti irin sókè, nígbà tí sípíríǹgì ń pín ìwúwo sí ojú méjì. Ẹ̀yin tó ṣe fonọ́lọ́jì mọ̀ pé fáwẹ́lì mẹ́ta la fi kún “spring” kó tó di sípíríǹgì, kò sì sí ohun tó ṣe ọ̀rọ̀ náà. Irin ò rí bẹ́ẹ̀.

Wẹ́dà àkọ́kọ́ fẹ́ lẹ irin kékeré kan mọ́ ọn, kó jó o tààrà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má gbà! Ẹ̀gbẹ́ ojú ibi tó jó yẹn ni yóò tún ti ya. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́ ṣáásì, kí wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ gígùn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n gé orí rẹ̀ méjèèjì ṣóńṣó, kí wọ́n sì jó o ní gígùn-gígùn. Kí wọ́n tú bátìrì kí wọ́n tó tanná o.

Bàbá mi ti ní kí wọ́n yọ irin kan kúrò lápá kọ̀ọ̀kan. Àpò 12 ni wọ́n tún ń kó báyìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń ráhùn owó epo.