Kí Wọ́n Tó Sọ Pé Ẹ́ńjìnnì Ti Kú

Ẹni tí ó bá dúró sí Ring Road ní ìlú Ìbàdàn ní ìrọ̀lẹ́, láti Challenge títí dé ẹ̀gbẹ́ pápá ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, kò ní ṣàì rí jíìpù àtijọ́ kan tí ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. Ó lè jẹ́ Toyota 4Runner tàbí Nissan Pathfinder tí ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ṣe é. Bí ó bá fẹ́ gun òkè, agbára rẹ̀ á dínkù. Òórùn epo tí kò jóná tán á sì gba imú àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ rìn kọjá. Ohun tí olówó ọkọ̀ sábà máa ń gbọ́ ni pé ẹ́ńjìnnì ti kú, kí ó lọ wá owó òmíràn. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí lọ́pọ̀ ìgbà. Púlọ́ọ̀gì àti wáyà rẹ̀ ni ó ti gbó.

Iṣẹ́ púlọ́ọ̀gì ni láti ṣáná sí epo àti afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ti fún pọ̀. Iná fólìtì 12 ni ó ń ti ara bátìrì wá. Kọ́ílì á sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólìtì, wáyà á sì gbé e dé ọ̀dọ̀ púlọ́ọ̀gì. Bí ẹnu púlọ́ọ̀gì bá ti jẹ, àlàfo rẹ̀ á fẹ̀, yóò sì ṣòro fún iná láti fò ó. Bí ooru bá ti la ara wáyà, iná á jò sára irin kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì nínú òkùnkùn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lè fi ojú ara rẹ̀ rí iná aláwọ̀ búlúù tí ń ta lára wáyà tí ó ti gbó.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù kò tí ì tó 200 náírà ní lítà kan, ó ṣeé ṣe kí ènìyàn fara da òfò yìí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 29, oṣù Èbìbí, ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Nígbà tí yóò fi di oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2024, lítà kan ti tó nǹkan bí 1,000 náírà. Bí ọ̀kan nínú púlọ́ọ̀gì mẹ́fà kò bá ṣáná mọ́, epo tí ó yẹ kí ó jó níbẹ̀ ń gba sàlẹ́ńsà jáde láìṣiṣẹ́. Ó tún lè jóná nínú kátálíìsì, kí ó sì bà á jẹ́ pátápátá.

Òótọ́ ni pé páàtì ti gbówó lórí láti ìgbà tí iye náírà ti já wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi epo fọ púlọ́ọ̀gì àtijọ́, tí wọ́n ń fi pépà onírín ha ẹnu rẹ̀, tí wọ́n sì ń dá a padà. Kò sí ẹni tí ó lè bá aláìní wí pé ó ń ṣọ́ owó ná. Àmọ́ fífọ̀ kò lè dá irin tí ó ti jẹ padà. Àwọn mìíràn á pààrọ̀ èyí tí ọwọ́ tètè dé, wọn á fi èyí tí ó wà ní kọ̀rọ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ á ra ayédèrú nítorí pé ó pọ̀ lówó kékeré. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: ọ̀pọ̀ là ń ra ọ̀bùn, ọ̀wọ́n là ń ra ògo.

Púlọ́ọ̀gì lásán sábà máa ń lo 30,000 sí 50,000 kìlómítà. Èyí tí ó ní platinum tàbí iridium lè tó 100,000. Ẹni tí ó ra tòkúnbọ̀ kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó ṣe ni kí ó pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù, kí ojú ìdè má baà jẹ. Kí wọ́n máa yọ wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ipò wọn má baà dàrú. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dè é, kí sípánà tó tẹ̀lé e. Kí wọ́n sì mọ irú ọkọ̀ tí ó wà níwájú wọn: 4Runner oní-lítà 3.4 ti ọdún 1996 sí 2002 kò lò ju wáyà mẹ́ta lọ, nítorí pé kọ́ílì mẹ́ta jókòó lórí púlọ́ọ̀gì mẹ́ta yòókù. Pathfinder oní-lítà 3.3 ìgbà náà ń lo wáyà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ọ̀rọ̀ náà tún kan ètò gáàsì CNG tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní ọdún 2023. Iná tí ó ń ṣá sí gáàsì gbọ́dọ̀ lágbára ju ti bẹntiróòlù lọ. Ẹni tí ó bá gbé ọkọ̀ tí púlọ́ọ̀gì rẹ̀ ti gbó lọ fún àyípadà yóò máa bú gáàsì, bẹ́ẹ̀ gáàsì kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Nítorí náà, ó yẹ kí àjọ SON túbọ̀ fojú sí ayédèrú páàtì ní àwọn ọjà ńlá bí Aràrọ̀mí ní Gate. Ó yẹ kí NATA, ẹgbẹ́ àwọn mẹkáníìkì, máa kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ìdí tí wọ́n fi ń tú nǹkan, yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń tú u. Kí olówó ọkọ̀ náà sì béèrè páálí tuntun àti púlọ́ọ̀gì àtijọ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ó tó sanwó. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Jíìpù tí ń gbọ̀n ní Ring Road kò tí ì kú. Kí wọ́n tètè wò ó.