Kí Ilé-Ìkàwé Yunifásítì Tó Sanwó Jọ́nà, Kí Ó Ka Ohun Tí Ó Ń Rà

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí àwọn ilé-ìkàwé yunifásítì lágbàáyé ti ń náwó ju agbára wọn lọ lórí jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn olùwádìí fi ń gbé àbájáde iṣẹ́ wọn jáde. Ní ọdún 2012, ìgbìmọ̀ àwọn olùkọ́ tí ó ń gba ilé-ìkàwé Harvard ní ìmọ̀ràn ké gbàjarè pé owó tí wọ́n ń san fún àwọn atẹ̀wé ńláńlá ti ń súnmọ́ mílíọ̀nù 3.75 dọ́là lọ́dún, àti pé àwọn jọ́nà kan wà tí ẹyọ kan wọn tó 40,000 dọ́là. Bí Harvard, tí owó kún àpò rẹ̀, bá figbe ta, kí ni kí àwọn tí kò ní tó o ṣe?

Ọjà jọ́nà kò jọ ọjà mìíràn. Olùwádìí kọ àpilẹ̀kọ, àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, púpọ̀ nínú wọn láìgba kọ́bọ̀, atẹ̀wé sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Yunifásítì tí ó ń san owó oṣù fún wọn yóò tún sanwó kí ó tó lè kà á. Láti òpin àwọn ọdún 1990 ni àwọn atẹ̀wé ti ń di ọgọ́rọ̀ọ̀rún jọ́nà pọ̀ sínú ìdì kan ṣoṣo, tí owó rẹ̀ sì ń gòkè lọ́dọọdún. Ó dà bí ẹni tí ó fẹ́ ra ata, tí wọ́n ní àfi kí ó ra gbogbo ìsọ̀.

Nítorí náà ni àwọn alábòójútó ilé-ìkàwé ṣe kọ́ ìṣirò. Wọ́n a mú owó tí wọ́n san fún jọ́nà kan lọ́dún, wọn a sì fi iye ìgbà tí àwọn òǹkàwé ṣí i pín in. Ká ní jọ́nà kan gba 3,000 dọ́là, tí wọ́n sì ṣí i ní ìgbà 1,500, dọ́là 2 ni kíkà kọ̀ọ̀kan. Bí òmíràn bá gba iye kan náà, tí wọn kò ṣí i ju ìgbà 10 lọ, kíkà kan di 300 dọ́là. Ó sàn kí wọ́n yá irú àpilẹ̀kọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ilé-ìkàwé mìíràn nígbà tí ẹnìkan bá béèrè fún un.

Ìṣirò yìí fún àwọn oníbàárà ní agbára láti sọ pé rárá. Ní ọdún 2019, Yunifásítì California kọ̀ láti tún àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Elsevier ṣe. Ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó fẹnu kò ní 2021, lórí àdéhùn tuntun tí ó jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn olùwádìí California di kíkà lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé. Ní 2020, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ New York náà tú ìdì ti Elsevier, wọ́n sì ṣa ìwọ̀nba díẹ̀ tí wọ́n nílò jù nínú rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹni tí ó bá fi iye ṣíṣí nìkan ṣe adájọ́ yóò ṣi ẹjọ́ dá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn pọ̀ rẹpẹtẹ. Àwọn tí ń kọ́ èdè Yorùbá ní yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà lè má ju díẹ̀ lọ. Ìgbà mẹ́wàá tí wọ́n ṣí jọ́nà wọn lè jẹ́ ìpìlẹ̀ ìwé àpilẹ̀kọ oyè ọ̀mọ̀wé kan. Bí ìṣirò nìkan bá ń pàṣẹ, àwọn ẹ̀ka kéékèèké ni yóò kọ́kọ́ pàdánù. Ó yẹ kí alábòójútó bi àwọn olùkọ́ léèrè, kí ó wo jọ́nà tí wọ́n ń tọ́ka sí nínú iṣẹ́ wọn, kí ó sì mọ èyí tí ó ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú àwọn yunifásítì ibẹ̀ ń jàǹfààní ètò Research4Life, tí ó ń fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò rí jájẹ ní jọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní ẹ̀dínwó. Ọpẹ́ yẹ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fúnni lẹ́bùn lè gbà á padà. Ní oṣù kìíní ọdún 2011, àwọn atẹ̀wé kan yọ jọ́nà wọn kúrò lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ ìlera Bangladesh. Ìgbà tí ariwo pọ̀ ni wọ́n tó dá wọn padà. Ilé-ìkàwé tí kò bá ka ohun tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń kà nígbà tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní mọ èyí tí yóò rà nígbà tí ọ̀fẹ́ bá dópin.

Kí ilé-ìkàwé ṣe ìṣirò, ó di dandan. Ṣùgbọ́n kí ìṣirò jẹ́ ẹlẹ́rìí nínú ẹjọ́ náà, kí ó má jẹ́ adájọ́. Owó ni a fi ń ra jọ́nà. Ìlò tí àwọn òǹkàwé ń lò ó ni ó ń fi iyì rẹ̀ hàn.