Wàrà Monroe àti Owó Àpapọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ ńlá kan ń dúró dè wá ní ìpàdé ọdọọdún. Àwọn kan ní kí a pín gbogbo èrè ọdún yìí láìku kọ́bọ̀. Àwọn kan ní kí a yọ lára rẹ̀ láti fi kọ́ ilé ìkẹ́rùsí tiwa. Àwa ní tiwa rò pé kí a yọ lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn kan tó ti ṣe irú rẹ̀ rí ṣe àpẹẹrẹ.

Ní ìlú Monroe, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, ilé oúnjẹ kan wà ní àárín ìlú tó ń jẹ́ Baumgartner's. Láti 1931 ni wọ́n ti ń ta wàrà níbẹ̀. Ẹni tó bá láyà a ní kí wọ́n fi wàrà Limburger sáàárín búrẹ́dì fún òun, pẹ̀lú àlùbọ́sà. Wàrà náà ń rùn gan-an! Ṣùgbọ́n àwa tí a ń jẹ irú mọ̀ pé òórùn lọ́tọ̀, adùn lọ́tọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn àlejò ni wàrà yìí.

Ní 1845, ìyà ń jẹ àwọn ará Glarus ní ilẹ̀ Switzerland. Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ aṣọ híhun lọ́wọ́ wọn, ilẹ̀ oko ò sì tó. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ẹgbẹ́ yìí rán ọkùnrin méjì ṣáájú, àwọn yẹn sì ra 1,280 éékà ilẹ̀ ní àfonífojì odò Little Sugar, tí kò jìnnà sí Monroe. Àwọn Ho-Chunk ló ni ilẹ̀ yẹn kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fi àdéhùn gbà á lọ́wọ́ wọn. Kò yẹ kí a gbàgbé ìyẹn. Nígbà tí èèyàn 108 dé ní oṣù kẹjọ, wọ́n ṣẹ́ kèké, ìdílé kọ̀ọ̀kan gba 20 éékà. Wọ́n sọ ibẹ̀ ní New Glarus.

Àlìkámà ni wọ́n kọ́kọ́ gbájú mọ́. Nígbà tó yá, ilẹ̀ ṣá, kòkòrò dà sóko, wọ́n bá kọjú sí màlúù. Ṣùgbọ́n mílíìkì kì í pẹ́ bàjẹ́, ti àgbẹ̀ kan ṣoṣo ò sì kún ìkòkò bàbà ńlá tí wọ́n fi ń ṣe wàrà. Kí ni wọ́n ṣe? Àwọn aládùúgbò da mílíìkì wọn pọ̀, wọ́n ń wọn ti oníkálukú, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìyẹn pín owó. Ọ̀kan nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Chalet, tí wọ́n dá sílẹ̀ nítòsí Monroe ní 1885. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn nìkan ló kù tó ń ṣe Limburger ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí àwọn àgbẹ̀ yẹn bá ti pín owó ìkòkò mọ́ èrè, ta ni ì bá rí wàrà tà? Àwa ń kọ́? Ilé onílé ni a ń háyà kó ẹrù sí. Bí ọjà bá wọ́, a ó tà á ní ọ̀pọ̀ nítorí pé kò síbi tí a ó kó o sí, alárọ́bọ̀ a wá jèrè wa.

A mọ̀ pé owó ilé-ìwé ọmọ ń bẹ lọ́rùn. A ò ní kí ẹ má pín rárá. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a pín ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí a fi ìdá kan kọ́lé. Kí ìwé ìṣirò ilé náà sì wà ní ṣíṣí fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wò ó, nítorí ibi tí òṣùwọ̀n ò bá ti hàn sí gbogbo èèyàn, kò sẹ́ni tí yóò da tiẹ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn.

Ẹ wá sípàdé. Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú wa, kó má sọ ọ́ lẹ́yìn. Kó wá sọ ọ́ lójú agbo.