Nígbà tí ọ̀fọ̀ ìlú bá dá fíìmù dúró

Nílẹ̀ wa, bí ọba bá wàjà, ìlù á dákẹ́, wọn á sì ti ọjà pa. Kò sẹ́ni tó ń bi ìlú pé kí ló dé. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń bẹ tí ọ̀fọ̀ yóò tán, tí a ó tún máa ná ọjà. Ìlànà yìí ló yẹ ká fi wo àwọn fíìmù tí ìbànújẹ́ orílẹ̀-èdè ń dá dúró.

Lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án 2001, àwọn apániláyà kọlu New York àti Washington. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá ni ó yẹ kí Collateral Damage, fíìmù Arnold Schwarzenegger, jáde. Ìtàn panápaná kan ni, tí bọ́ǹbù pa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Warner Bros., ilé iṣẹ́ tó ni í, sún un síwájú di ọjọ́ 8 oṣù Kejì 2002. Ọ̀fọ̀ ṣì tutù nígbà náà. Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, fíìmù jáde.

Ti Nàìjíríà yàtọ̀. Half of a Yellow Sun, tí Biyi Bandele, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Kafanchan, darí, dá lórí ogun Biafra, 1967 sí 1970. Wọ́n ti wò ó ní Toronto ní 2013. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2014 ló yẹ kó wọ sinimá ní Nàìjíríà, àmọ́ àjọ tó ń yẹ fíìmù wò kò tíì fún un níwèé àṣẹ. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ó lè dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀rù náà kò ṣàdédé wá: oṣù yẹn gan-an ni bọ́ǹbù bú ní Nyanya, tí wọ́n sì jí àwọn ọmọbìnrin Chibok gbé. Síbẹ̀, ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ kí àwọn èèyàn tó rí i wò.

Ta ni ìdádúró yìí tù nínú? Bàbá àgbà méjèèjì ti Chimamanda Ngozi Adichie, tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe fíìmù náà, ló bá ogun náà lọ. Ọlọ́fọ̀ ló fẹ́ sọ̀rọ̀. Ẹlòmíì ló ní kó dákẹ́, kò sì dá ọjọ́ fún un.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìtàn wa sílẹ̀, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n sún fíìmù kan síwájú nítorí ọ̀fọ̀ ìlú, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè méjì: ṣé àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ló bẹ̀bẹ̀ fún un? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Ọ̀fọ̀ tí kò lọ́jọ́, ìpanilẹ́numọ́ ni.