Ṣé “Òkun” Kì Í Ṣe Yorùbá Ni?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò rọrùn fún mi láti sọ, torí mo wà lára àwọn tó jẹ̀bi.

Ẹ ó rántí ìpàdé wa kan ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà yìí, nígbà tí ààrẹ ní kí àwọn ọmọ JSS 1 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa dìde kí wọ́n kí ẹgbẹ́. Ọmọbìnrin kan kúnlẹ̀, ó ní, “Òkun o, ẹ̀yin àgbà.” Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, “Òkun bàwo? Ṣé Èkó la wà ni?” Ẹlòmíràn ní, “Jọ̀ọ́, sọ Yorùbá!” Ọmọ náà jókòó, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi parí ìpàdé. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tèmi ló sì burú jù, torí ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ ni bàbá mi, òkun yẹn náà ni mo fi ń kí ìyá àgbà tí mo bá délé. Ẹ̀rù ló bà mí pé tí n kò bá rẹ́rìn-ín, wọ́n á mọ̀ pé ọ̀kan náà ni èmi àti ọmọ yẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí i níbi tí a ti ń pọnmi. Mo bi í pé kí ló dé tí a kò rí i mọ́. Ó ní, “Síníọ̀, mo ti lọ sí Press Club. Wọ́n ní èdè wa kì í ṣe Yorùbá.” Kò tilẹ̀ bínú. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń bọ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà kò ti kúrò lọ́kàn mi, àní ní àkókò prep.

Kí ni òkun yẹn gan-an? Kì í ṣe omi iyọ̀ o. Àwọn àgbà ilé wa ní okun, ìyẹn agbára, ni ẹni tó ń kíni ń tọrọ fún ẹni tó ń kí. O lọ oko, òkun o. O ti oko dé, òkun o. O bímọ, o kọ́lé, o ń ṣọ̀fọ̀, òkun náà ni. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, iṣẹ́ tí “ẹ kú” ń ṣe lẹ́nu ará Ọ̀yọ́ ló ń ṣe lẹ́nu ará Kàbà. Ìkíni yìí náà ló di orúkọ tí wọ́n fi ń pe gbogbo wa pọ̀, àwa Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Wọ́n ní àwọn tó ń kíni ní òkun ni wá, wọ́n bá ń pè wá ní Òkun.

Tí ẹnì kan bá fẹ́ fi èyí rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí gbogbo Yorùbá ní Sàró. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì 19, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì máa ń gba àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lójú omi, wọ́n á sì kó wọn lọ sí Freetown. Ibẹ̀ ni Àjàyí Crowther náà gúnlẹ̀ sí ní 1822. Àwọn ará Freetown gbọ́ tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ń kí ara wọn, “ẹ kú èyí, ẹ kú tọ̀hún”, ni wọ́n bá sọ wọ́n ní Aku. Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́, Aku ni gbogbo wọn. Ìkíni ló sọ wọ́n lórúkọ! Ọgbọ́n kan náà tí wọ́n fi pè wá ní Òkun ni wọ́n fi pe bàbá ńlá ẹni tó ń rẹ́rìn-ín ní Aku.

Kò tán síbẹ̀. Ní 1854, míṣọ́nnárì kan tó jẹ́ ará Jámánì, Sigismund Koelle, tẹ ìwé ńlá kan jáde tó ń jẹ́ Polyglotta Africana. Ó ti jókòó ti àwọn tí wọ́n kó wá sí Freetown, ó ń bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan náà: báwo lẹ ṣe ń pe orí, báwo lẹ ṣe ń pe omi, báwo lẹ ṣe ń pe iná. Ó to ìdáhùn wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Lábẹ́ Aku, ẹ ó rí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Òǹdó. Ẹ ó rí Ìyàgbà níbẹ̀. Ẹ ó rí Ìjùmú. Ẹ ó rí Ọ̀wọ́rọ̀. Ẹ ó sì rí “Yorùbá” níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára wọn, torí nígbà náà àwọn ará Ọ̀yọ́ nìkan ni orúkọ yẹn ń tọ́ka sí. Koelle tilẹ̀ ṣàtakò sí àwọn míṣọ́nnárì tó fẹ́ máa fi Yorùbá pe gbogbo ẹ̀yà yòókù. Ẹ fara balẹ̀ rò ó: nínú ìwé yẹn, Ọ̀wọ́rọ̀ àti Yorùbá jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà.

Báwo wá ni ẹnì kan ṣe dìde lórí bẹ́ǹṣì tó di olórí kíláàsì? Ìwé ni. Crowther, tó jẹ́ ọmọ Òṣogùn ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá àkọ́kọ́ tirẹ̀ jáde ní 1843. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ túmọ̀ Bíbélì, odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Èdè Ọ̀yọ́ ni òpó ilé náà, wọ́n fi díẹ̀díẹ̀ láti ibòmíràn kún un, òun ló sì di Yorùbá àjùmọ̀lò tí a ń kọ sínú ìwé wa. N kò bínú sí Crowther o. Iṣẹ́ tó ṣe tóbi, òun sì ni mo ń jẹ níbi tí mo ti ń kọ̀wé yìí. Àmọ́ ohun kan máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1841, ọdún méjì kí ìwé yẹn tó jáde, Crowther wà nínú ọkọ̀ tó gba Odò Ọya wá sí ibi tí omi méjì ti pàdé níbí. Ó padà wá ní 1857, ó sì dá iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ ní agbègbè yìí. Ọkùnrin tó kó Yorùbá sínú ìwé kọjá lábẹ́ òkè tiwa gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ òkè yẹn díẹ̀. A jọ ń gun Mount Patti lọ sí excursion, a sì ń ya fọ́tò nídìí ilé ìsinmi Lugard. Wọ́n á sọ fún wa pé orí òkè yẹn ni Flora Shaw dúró sí tó fi sọ orílẹ̀-èdè yìí ní Nàìjíríà. Lọ́ńdọ́nù ló ti kọ ọ́ o, sínú ìwé ìròyìn The Times, ní January 1897. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé “pati” túmọ̀ sí òkè ní èdè Nupe. Òkè Òkè la ń gùn láti ọjọ́ yìí! Báwo ni orúkọ Nupe ṣe dé orí òkè tí ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀ yí ká? Ogun ni. Ní sẹ́ńtúrì 19, àwọn ọmọ ogun Bida bo gbogbo ilẹ̀ Òkun mọ́lẹ̀. Wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, bí ìṣákọ́lẹ̀ kò bá sì pé, ọmọ èèyàn ni wọ́n ń kó. Àwọn ìlú kan fi ilẹ̀ tó tẹ́jú sílẹ̀, wọ́n gun òkè lọ kọ́lé sáàárín àpáta. Òkè ni ọgbà wọn, òkè ni ṣọ́jà wọn. Títí dòní, Agbaja lórí òkè ni Olú Ọ̀wọ́rọ̀ wà. Àfi ìgbà tí àwọn Royal Niger Company kó ogun láti Lọ́kọ́jà níbí lọ bá Bida ní January 1897 ni ọwọ́ Bida tó bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́rùn wọn. Nígbà tó di 1 January 1900, Lugard gbé àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́jà, wọ́n fa ìlà, ilẹ̀ Òkun sì bọ́ sí Àríwá.

Ìlà yẹn ni wàhálà wa títí dòní. Tí bàbá mi bá lọ sí Ìbàdàn, wọ́n á ní ará Òkè Ọya ni. Tó bá dé Kàdúná, wọ́n á ní Yorùbá ni. Ní 1991 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kógì sílẹ̀, wọ́n yọ wá kúrò ní Kwara níbi tí Yorùbá pọ̀ sí, a wá wà pẹ̀lú Ígálà àti Ẹ̀bìrà. N kò ní kò dáa. Ọ̀rẹ́ mi tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lókè tèmi, Ígálà ni, kò sì tíì fi èdè mi ṣẹ̀sín rí. Ẹgbẹ́ Yorùbá ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé èdè wa kì í ṣe nǹkan kan.

Lákòókò holidé, iṣẹ́ Geography gbé mi dé ọ̀rọ̀ Nepal, orílẹ̀-èdè olókè kan láàárín Íńdíà àti Ṣáínà. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìnyín àti Everest nìkan ni mo máa kọ. (Òkè tiwọn náà ń jẹ́ orúkọ àlejò o. Sagarmatha ni wọ́n ń pè é, àmọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi orúkọ òyìnbó awọnlẹ̀ kan pè é ní 1865.) Nígbà tí mo kà síwájú, ó dà bíi pé ilé wa ni mo ń kà nípa rẹ̀. Àfonífojì Kathmandu nìkan ni Nepal tẹ́lẹ̀, àwọn ẹ̀yà Newar ló wà níbẹ̀, èdè wọn sì ń jẹ́ Nepal Bhasa. Ní 1768, ọba Gorkha, Prithvi Narayan Shah, sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tirẹ̀, ó gba Kathmandu. Nígbà tó yá, orúkọ Nepal di ti gbogbo orílẹ̀-èdè náà, bí orúkọ ará Ọ̀yọ́ ṣe di ti gbogbo wa. Èdè àwọn Gorkha ni wọ́n wá sọ ní Nepali. Àwọn tó ni orúkọ gan-an ńkọ́? Wọ́n ní kí wọ́n má fi èdè wọn kọ̀wé mọ́. Ní 1941, wọ́n ju akéwì Chittadhar Hridaya sẹ́wọ̀n nítorí ewì tó kọ ní Nepal Bhasa, ó sì lo nǹkan bí ọdún márùn-ún níbẹ̀. Ó ń kéwì nìṣó nínú ẹ̀wọ̀n náà. Láti 1960 dé 1990, èdè kan ṣoṣo ni ìjọba ń gbé lárugẹ, wọ́n ní òun ló máa so orílẹ̀-èdè pọ̀. Kò so wọ́n pọ̀ bí wọ́n ṣe rò. Òfin ńlá tí wọ́n ṣe ní 2015 ni wọ́n wá kọ ọ́ sí pé gbogbo èdè abínibí tí wọ́n ń sọ ní Nepal ni èdè orílẹ̀-èdè náà. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2021, èdè 124 ni wọ́n rí.

Ẹnì kankan kò ju ọmọ JSS 1 yẹn sẹ́wọ̀n, mo mọ̀. Ẹ̀rín lásán ni. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, ẹ̀rín àwọn SS 2 tó bẹ́ẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún un.

Tíṣà wa kan tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún dá mi lóhùn pé WAEC kò ní í fi òkun bi yín léèrè. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Tí mo bá kọ Ọ̀wọ́rọ̀ sínú àròkọ WAEC, wọ́n á fi bírò pupa fà á, wọ́n sì jàre. Yorùbá àjùmọ̀lò ni a jọ fi ń gbọ́ ara wa ye, òun náà ni mo fi ń kọ èyí. Ṣùgbọ́n ìpàdé ẹgbẹ́ kì í ṣe gbọ̀ngàn ìdánwò. Bí ọmọ Èkìtì bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀, a máa ń pàtẹ́wọ́ pé ó dùn létí. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú bá sọ tirẹ̀, a ń sín in jẹ, àwa àti òun ń rẹ́rìn-ín. Kí ló dé tó jẹ́ pé ti Òkun nìkan ni a ń sọ pé kì í ṣe Yorùbá, ní Lọ́kọ́jà tó jẹ́ ẹnu ọ̀nà ilé wọn?

Ohun tí mo ń bẹ ẹgbẹ́ fún kò pọ̀. Kí ẹni tó bá ń kí ìpàdé máa kí wa bí wọ́n ṣe ń kíni nílé tirẹ̀, ká sì dá a lóhùn bí wọ́n ṣe ń dáhùn níbẹ̀. Kí ìwé ìròyìn yìí fún àwọn ẹ̀ka èdè ní igun kékeré kan. Lọ́jọ́ Yorùbá wa tó ń bọ̀, aṣọ òfì nìkan kọ́ ló yẹ ká gbé kọ́ sórí ògiri. Àwọn obìnrin Bùnú ti ń hun aṣọ láti ayébáyé. Wọ́n máa ń tú òwú pupa lára aṣọ tó ti òkè òkun wá, wọ́n á fi hun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣe ìsìnkú àwọn àgbà. Odindi ìwé ni òyìnbó kan, Elisha Renne, kọ lórí aṣọ Bùnú ní 1995. Àwa tí a wà nítòsí kò mọ̀ ọ́n rárá.

Ní tèmi, mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ 43 tí mo gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà sínú ìwé, mo kọ bí àwa ṣe ń pè é sí apá kan, mo kọ Yorùbá àjùmọ̀lò sí apá kejì, bí Koelle ṣe ṣe tirẹ̀. Mo fẹ́ kà á fún yín ní ìpàdé tó ń bọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo lọ bá ọmọ yẹn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì wọn, mo ní kó máa bọ̀, kí a jọ kà á, torí ohùn rẹ̀ dára ju tèmi lọ. Mo sọ fún un pé èmi náà wà lára àwọn tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó wò mí lọ títí. Ó ní, “Síníọ̀, ẹ kí mi ná.” Mo ní, “Òkun o.” Ó dá mi lóhùn, ó sì ní òun á ro tìpàdé náà wò.