Alẹ́ Tí Kò Sí Bọ́ọ̀lù

Nígbà tí fíìmù Fúnkẹ́ Akíndélé tó ń jẹ́ A Tribe Called Judah wọ sinimá ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ló fi pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ. Títí di ìgbà náà, kò sí fíìmù Nàìjíríà tó pa tó bẹ́ẹ̀ rí. Ọdún yípo, Everybody Loves Jenifa jáde, òun náà tún fi ti àkọ́kọ́ sẹ́yìn. Inú àwọn olólùfẹ́ eré ilẹ̀ wa dùn, ó sì yẹ kó dùn. Ṣùgbọ́n nínú owó rẹpẹtẹ yìí, èló ló ti Lálúpọn wá? Èló ló ti Àkànràn wá, tàbí Erúnmu, tàbí Ìjàyè?

Kì í ṣe pé àwọn ará ibẹ̀ kò mọ Jẹ́nífà. Ọmọ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ létí títì lè sín ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ jẹ láìku ẹyọ kan. Ohun tó dí wọn lọ́wọ́ ni pé inú ìgboro ni àwọn sinimá Ìbàdàn kó jọ sí: Dùgbẹ̀, Ring Road, Sámọ́ńdà. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Lágelú yóò wọkọ̀ dé Ìwó Road, yóò tún wọ Máíkírà, yóò ra tíkẹ́ẹ̀tì, bí ó bá sì kó ọmọ dání, gúgúrú àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tún ń bẹ níwájú. Nígbà tí eré bá parí lálẹ́, yóò tún máa wá ọkọ̀ tí yóò gbé e padà gba ojú ọ̀nà tó ṣókùnkùn biribiri. Ìyá ọlọ́mọ méjì kò jẹ́ dán an wò.

Àwọn tó ń ṣe fíìmù wa ti gbàgbé àwọn ènìyàn wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ owó irú wọn ni eré Yorùbá fi dàgbà. Ọ̀nà tí wọ́n lè gbà padà sọ́dọ̀ wọn kò sì jìnnà. Ó wà nínú àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù tó wà káàkiri Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, èyí tó máa ń ṣófo ní gbogbo alẹ́ tí kò bá sí bọ́ọ̀lù.

Ọdún 1945 ni Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ sílẹ̀. Kò jókòó sí Èkó kó máa retí èrò. Ó kó òṣèré àti ẹrù sínú ọkọ̀, ó ń gba ìlú dé ìlú. Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládipọ̀, Oyin Adéjọbí àti Moses Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, ọ̀nà kan náà ni gbogbo wọn tọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ ṣeré, ọkọ̀ wọn á ti máa rìn yí ìlú ká pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á máa kéde orúkọ eré, aago tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti iye tí wọn yóò gbà lẹ́nu ọ̀nà. Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n ń lò. Níbi tí kò bá sí gbọ̀ngàn, wọ́n á wá ilé ẹ̀kọ́ tàbí àgbàlá ilé ọtí. Ìlú tí ìjọba kò tíì fa iná dé, ẹ̀rọ amúnáwá tiwọn ni wọn yóò tàn níbẹ̀.

Nígbà tí Ògúndé ṣe Yorùbá Ronú ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó wà n'Ìbàdàn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́ ní gbogbo agbègbè náà. Ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba ní 1966 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Àwọn olóṣèlú ìgbà náà mọ ohun tí àwọn olówó fíìmù òde òní kò kà sí: eré tó ń rin ìlú dé ìlú máa ń dé ibi tí ìwé ìròyìn kò lè dé.

Àwọn nǹkan ìgbafẹ́ mìíràn náà kò yọ ará oko sílẹ̀. Ọkọ̀ sinimá ìjọba ti ń rìn kiri láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, tí wọ́n á ta aṣọ funfun sí gbangba, tí wọ́n á sì fi fíìmù ìmọ́tótó àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ han àwọn ará abúlé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV bẹ̀rẹ̀ n'Ìbàdàn, ibẹ̀ sì ni Aláwàdà Bàbá Sàlá ti di ìlúmọ̀ọ́ká. Ẹni tí kò ní tẹlifíṣọ̀n ń lọ wò ó lójú fèrèsé ẹni tó ní. Ní 1967, ìwé Atọ́ka jáde. Wọ́n ya eré àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ní fọ́tò, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ oníkálukú sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ lédè Yorùbá. Ẹyọ kan ṣoṣo lè kárí agboolé.

Irú abúlé bẹ́ẹ̀ ni gbajúmọ̀ mìíràn ti ń jáde. Abúlé Òkè Pupa nítòsí Ìbàdàn ni wọ́n ti bí Láńrewájú Adépọ̀jù ní 1940. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ ní ìwé kíkà àti kíkọ. Rédíò WNBS gbé ohùn rẹ̀ jáde, àwo rẹ́kọ́ọ̀dù gbé e kiri, ó di akéwì tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ń fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àríyànjiyàn títí tó fi kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Ọmọ oko tó ń gbọ́ rédíò lánàá lè di ẹni tí rédíò ń gbé jáde lọ́la, bí ohun tí ìgboro ń gbádùn bá ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Rédíò kò tíì gbàgbé wọn. Mọ́níyà, lórí ilẹ̀ Akínyẹlé, ni Amúlùdùn FM 99.1 ti Rédíò Nàìjíríà wà, Yorùbá ló sì fi ń bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀. Àgbẹ̀ tó ń ro oko ẹ̀gẹ́ lè gbé rédíò rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka igi, kó gbọ́ ìròyìn, kó gbọ́ fújì Saheed Òṣùpá tàbí ti Táyé Currency, kó sì tún fóònù wọlé kí wọ́n bá òun kí àna òun. Lórí afẹ́fẹ́, orúkọ abúlé àti orúkọ Bódìjà jọ ń jáde ni.

Fíìmù ńkọ́? Fóònù nìkan ni wọ́n fi lé wọn lọ́wọ́. Lóòótọ́, fíìmù Yorùbá kún orí YouTube báyìí, wọ́n sì ń já tuntun sí i lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n dátà ni a fi ń wò ó. Ní oṣù Kínní ọdún 2025, àjọ NCC gba àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Fíìmù oníwákàtí méjì wá di ohun tí ènìyàn ń ronú sí kó tó tẹ̀ ẹ́. Bí iná kò bá sí, wọn yóò tún gbé fóònù lọ síbi tí wọ́n ti ń gbowó ṣáájì.

Àwọn ọ̀dọ́ ti wá ọgbọ́n sí i. Mẹ́mọ́rì káàdì ni wọ́n ń gbé lọ bá ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ìyẹn yóò sì já fíìmù tuntun àti orin sí i fún wọn. Owó tí wọ́n ń san kò pọ̀, àmọ́ owó ni, kọ́bọ̀ kan kì í sì í dé ọwọ́ òṣèré nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ní ará abúlé kò lè sanwó fíìmù, kó lọ dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn ní ọjọ́ ọjà. Wọ́n ti ń sanwó. Ẹni tó yẹ kó gbà á ni kò sí níbẹ̀.

Ohun tó tún mú ọ̀rọ̀ náà dun ni ni pé abúlé ni fíìmù ńlá wa ń sá tọ̀ báyìí. Kúnlé Afọláyan kọ́ abúlé fíìmù tirẹ̀ sí Ìgbójàyè ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Aníkúlápó jáde lórí Netflix ní 2022, Jagun Jagun ti Fẹ́mi Adébáyọ̀ tẹ̀lé e ní 2023. Ilé alámọ̀, oko, ìlù àti ọfọ̀ ló kún inú àwọn méjèèjì. Abúlé ni a ti ń mú ìtàn, ìlú ńlá àti òkè òkun ni a ti ń wò ó.

Ẹ wá wo ilé ìwòran bọ́ọ̀lù. Ní ọ̀sán Sátidé, kò sí ìlú kékeré tí a ti fẹ́ ẹ kù. Pátákó dúdú wà níta tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ Arsenal àti Chelsea sí pẹ̀lú aago tí wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Páànù ni òrùlé, pákó ni ògiri, bẹ́ǹṣì gbọọrọ kún ilẹ̀, tẹlifíṣọ̀n méjì tàbí mẹ́ta wà lókè, jẹnẹrétọ̀ ń han lẹ́yìnkùlé. Ọmọkùnrin kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbowó. Ẹni tó ni ibẹ̀ ń san owó DStv lóṣooṣù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, owó ètò Compact nìkan di ₦19,000. Ó ń ra epo, ó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe, ó sì ń rí èrè tirẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn kò fẹ́ dá wo bọ́ọ̀lù nílé. Wọ́n fẹ́ jọ pariwo, wọ́n sì fẹ́ fi ẹni tí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fìdí rẹmi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Àárín ọ̀sẹ̀ tí Champions League kò bá sí, àgádágodo ni wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn yẹn. Bí líìgì òyìnbó bá wà ní ìsinmi, odindi oṣù lè kọjá kí owó gidi tó wọlé. Ilé wà, ìjókòó wà, iná wà, ẹni tó mọ bí a ti ń gbowó lẹ́nu ọ̀nà wà. Fíìmù ló kù.

Fíìmù yóò sì mú àwọn tí bọ́ọ̀lù kò lè mú wọlé. Ibùjókòó ọkùnrin ni ilé ìwòran, obìnrin kì í sábà wọ ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin wà lára àwọn tó fẹ́ràn eré Yorùbá jù lọ. Bí wọ́n bá kéde eré Fẹ́mi Adébáyọ̀ tàbí ti Ọdúnládé Adékọ́lá fún aago méje alẹ́, ìyá tó ti palẹ̀ ọjà mọ́, aránṣọ, onídìrí àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn yóò rí ohun tí wọ́n lè torí ẹ̀ wọlé.

Ká tilẹ̀ ṣírò rẹ̀ lásán. Bí ènìyàn 60 bá san ₦500 níkọ̀ọ̀kan, ₦30,000 ni. Bí onílé bá mú ìdajì fún epo àti ìjókòó, ₦15,000 yóò lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ni fíìmù. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ 100 bá gbé eré kan náà ní alẹ́ kan ṣoṣo, mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ náírà ni, láti ọwọ́ àwọn tí kò fún un ní kọ́bọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìbẹ̀rù àwọn ajayédèrú yóò dìde, kò sì sí ẹni tó rántí Bàbá Sàlá tí yóò fi í ṣeré. Ó yáwó ṣe Ọ̀run Mooru ní 1982, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Kí fíìmù náà tó pa owó tó yẹ kó pa, ayédèrú rẹ̀ ti gba ìgboro, gbèsè ni wọ́n fi lé bàbá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ojúlówó ọjà kò bá dé ni ayédèrú ti ń rí àyè tà. Àwọn tó ń ṣe fíìmù lè fi èyí tó ti kúrò ní sinimá, tó sì ku díẹ̀ kó dé YouTube, bẹ̀rẹ̀. Irú èyí, bí wọ́n bá tilẹ̀ jí i dà kọ, àdánù rẹ̀ kò ní pọ̀. Wọ́n sì lè forúkọ onílé kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n gbé e fún.

Àwọn mìíràn ti dán irú rẹ̀ wò. Orílẹ̀-èdè Benin, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé, ni ẹgbẹ́ Cinéma Numérique Ambulant ti bẹ̀rẹ̀ ní 2001, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé fíìmù Áfíríkà lọ sí abúlé lálẹ́, tí wọ́n sì tàn dé Niger, Mali àti Burkina Faso. Ní Rùwáńdà, ní 2005, àjọ̀dún fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Hillywood bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ ìwòran tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí lọ sí ìgbèríko. Àwọn yẹn ní láti gbé gbogbo ẹrù wọn dání. Tiwa ti wà nílẹ̀ ní gbogbo ìyànà.

Ọwọ́ TAMPAN, ẹgbẹ́ àwọn òṣèré àti olóòtú fíìmù Yorùbá, ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà. Kí wọ́n mú fíìmù kan, kí wọ́n sì mú ilé ìwòran mẹ́rin, ọ̀kan ní Mọ́níyà, ọ̀kan ní Ìyànà Ọ̀fà, ọ̀kan ní Ẹgbẹ́dá, ọ̀kan ní Àkànràn, tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ má gba owó orí kankan lórí alẹ́ fíìmù fún ọdún kan. Òṣèré kan tàbí méjì lè bá fíìmù wọn wá. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń ná Èkó sí Ìbàdàn, ibùdókọ̀ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó ń parí ìrìn rẹ̀ sí, Mọ́níyà gan-an ló wà. Òṣèré tó bá sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀ ti wà láàárín àwọn tó wá bá.

Alẹ́ mẹ́rin tó fún ìdánwò, lásìkò ìsinmi líìgì. Bí owó bá wọlé, kí wọ́n gbé e dé Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Ògbómọ̀ṣọ́. Bí kò bá wọlé, owó epo jẹnẹrétọ̀ alẹ́ mẹ́rin ni wọ́n pàdánù.