Ẹ Jẹ́ Ká Tọ́jú Egungun Àwọn Òbí Wa: Ẹ̀bẹ̀ láti Maitumbi

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ wà pẹ̀lú wa ní Maitumbi, ẹ̀yin tí ẹ ti Minna lọ sí Èkó, Ìlọrin àti Àbújá, àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá àti bàbá wa la gbé wá.

Bí ìyá àgbà bá yọ̀ ṣubú nílé ìwẹ̀, tí egungun ìbàdí wọn kán, a máa ń ní ayé ló ṣe é. Bí ẹ̀yìn wọn bá ń tẹ̀, a ní ogbó ni. Àmọ́ àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní osteoporosis. Ó máa ń jẹ egungun láti inú títí á fi di ẹlẹgẹ́. Kì í dunni, kì í wúni lára, títí ọrùn ọwọ́, ìbàdí tàbí egungun ẹ̀yìn á fi kán.

Egungun wa máa ń le sí i títí di nǹkan bí ọmọ 30 ọdún, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, tiẹ̀ á yára dín kù. Lágbàáyé, nínú obìnrin 3 tó ti lé ní 50 ọdún, egungun ọ̀kan lè kán nítorí àìsàn yìí; nínú ọkùnrin 5, ọ̀kan. Ó tún ń wu ẹni tí ìbàdí òbí rẹ̀ ti kán rí léwu, àti ẹni tó rù jù, amusìgá, ọ̀mùtí, àti ẹni tí kì í rìn.

Èyí tó dùn wá jù ni oògùn dexamethasone àti prednisolone, tí àwọn ọmọbìnrin ń lò láti sanra, tí àwọn àgbà sì ń rà ní kẹ́mísì fún oríkèé ríro. Tí wọ́n bá pẹ́ lára, wọ́n ń ba egungun jẹ́. Ẹni tí dókítà kọ ọ́ fún, ẹ má dédé dá a dúró. Ẹ padà lọ bi dókítà.

Ẹ̀yin ará ilé, wàrà, nono, yàmọ̀tí, ẹ̀fọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́ tí à ń jẹ teegunteegun wà lọ́jà wa. Ẹ fún àwọn àgbà jẹ, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rìn nínú oòrùn àárọ̀. Ẹ tan iná sílé ìwẹ̀ lóru, ẹ má jẹ́ kí ilẹ̀ máa yọ̀. Bí egungun àgbà bá kán, ẹ má fi mọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to egungun. Ẹ gbé wọn lọ sí General Hospital tó wà ní Minna, kí ẹ bi wọ́n léèrè ohun tó sọ egungun náà di ẹlẹgẹ́. Oògùn wà tó lè dín ewu pé òmíràn á kán kù.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun, oòrùn ibẹ̀ kò tó awọ dúdú wa. Àjọ ìlera Britain, NHS, ní kí àgbàlagbà máa lo fítámì D, máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́, nígbà òtútù. Bí ẹ bá pe ilé, ẹ bi màmá bóyá wọ́n ti ṣubú rí, bóyá wọ́n ti kúrú sí i, irú oògùn wo ni wọ́n ń lò.

Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ni àyájọ́ àìsàn yìí lágbàáyé. A fẹ́ kó àwọn àgbà wa jọ lọ́jọ́ náà, kí àwọn nọ́ọ̀sì bá wọn sọ̀rọ̀, kí a sì ṣe irin ìdìmú sílé ìwẹ̀ àwọn tí kò lólùrànlọ́wọ́. Ẹ dákun, ẹ fi ohun tí agbára yín bá ká ránṣẹ́ sí akápò ẹgbẹ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká fi ìṣubú sin àwọn òbí wa. Àmín.

Àwa ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá, Maitumbi, Minna.